Ìkẹjà, Alímọ̀ṣọ́ àti Ilé-Iṣẹ́ Ìjọba fún Òwò

Àwọn àgbà a máa wí pé, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Ilé-Iṣẹ́ Ìjọba tí ó ń bójú tó òwò àti iṣẹ́ ẹ̀rọ rí: ọ̀nà tí ó lè gbà ran ará ìlú lọ́wọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò wà, fi yé wa pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni a là gbòòrò.

Ní ọdún 1954, òfin ìṣèjọba tuntun yọ ìlú Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì fi í sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀. Èyí kò dùn mọ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìbàdàn nínú. Ṣùgbọ́n Ìkẹjà àti ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ṣì kù sí wọn lọ́wọ́. Ojú irin gba Ìkẹjà kọjá, pápá ọkọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, èbúté Àpápá kò sì jìnnà. Nítorí náà, bí àwọn ọdún 1950 ti ń parí lọ, ìjọba pín ilẹ̀ ibẹ̀, ó la títì, ó sì pe àwọn oníléeṣẹ́ ńláńlá wá. Owó kòkó ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962. Dunlop bẹ̀rẹ̀ sí ṣe táyà ní 1963. Títí di òní, títì kan láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ́ orúkọ Ọba C. D. Akran ti Àgbádárìgì, tí ó ti ṣe mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìkẹjà àti Alímọ̀ṣọ́ sì bọ́ kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Kọmíṣánnà wá dúró ní ipò mínísítà. Òun ni ẹnu ìjọba. Akọ̀wé Àgbà ni ó ń tọ́jú ìwé àti owó. Lábẹ́ wọn ni àwọn ẹ̀ka wà: ọ̀kan fún òwò, ọ̀kan fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èyí tí ó ń fi orúkọ ẹgbẹ́ sínú ìwé tí ó sì ń yẹ ìṣirò owó wọn wò. Ti òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, nípa òfin ọdún 1974.

Àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà a máa wá ilé tí owó wọn ká lọ sí Ẹgbẹ́dá, Ìdímù àti Ìkòtún. Oko di àdúgbò. Nígbà tí ó yá, Alímọ̀ṣọ́ di ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà ìkànìyàn 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 2008, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọjà ni yóò lọ. Ọjà Ìkòtún kún fún aláte, aránṣọ àti wẹ́dà. Àwọn wọ̀nyí kò béèrè ilẹ̀ tí a ó kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sí. Owó díẹ̀ láti ọwọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kò ní jẹ owó wọn mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, àti kóńgò tí ẹnikẹ́ni kò lù wọnú ní ìdí.

Ọ̀nà Ìkẹjà dára, a kò bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ó tó àkókò kí Ilé-Iṣẹ́ Ìjọba la ọ̀nà kejì, èyí tí ó wọ ìdí àte.