Ìgbàgbọ́ Tí Ó Wọ Inú Túbú: Bí Àtúnṣe Ilé Ẹ̀wọ̀n Ti Bá Ìtàn Ìjọ Wa Tan

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Olódùmarè, ẹni tí ó pa ìjọ yìí mọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko. Nínú ìwé ìrántí irú èyí, àṣà ni pé kí a ka orúkọ àwọn tí ó kọ́ ilé ìsìn, àwọn tí ó ra agogo, àti àwọn tí ó kọ́ wa ní ABD. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀wọ̀ wọn dù wọ́n. Ṣùgbọ́n àwa fẹ́ pe àkíyèsí ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àti ẹ̀yin àlùfáà ọlọ́wọ̀ tí ẹ wá bá wa yọ̀, sí àwọn onígbàgbọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a kì í sábà dárúkọ nígbà tí a bá ń sọ ìtàn Ìjọ Áńgílíkà ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ wọ inú ilé ẹ̀wọ̀n. Láti ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn ti bọ́ sórí ọ̀ràn ẹrú. Ọ̀ràn ẹrú náà ni ó sì la ọ̀nà tí Ìhìnrere gbà dé èbúté Àgbádárìgì. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ wọn, kí ó lè hàn pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì nínú ìjọ yìí. Gbèsè ni ó jẹ́ ní ọrùn wa.

Èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ẹ̀wọ̀n ni a ń pe irin tí a fi ń de ènìyàn, ẹ̀wọ̀n náà ni a sì ń pe ìyà ẹni tí a tì mọ́ inú túbú. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ ìtàn ìkólẹ́rú rẹ̀ ní ọdún 1837, ó ṣàlàyé pé ní Èkó ni a ti fi ẹ̀wọ̀n gígùn kan so àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọdékùnrin pọ̀ ní ọrùn, tí a sì fi àgádágodo tì í ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Bí àwọn àgbà bá fa ẹ̀wọ̀n náà tagbáratagbára, àwọn ọmọdé ni ó ń jìyà rẹ̀ jù. Nítorí náà ẹni tí ó wá di bíṣọ́ọ̀bù wa àkọ́kọ́ mọ ìwúwo ẹ̀wọ̀n ní ọrùn ara rẹ̀.

John Howard ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Kì í ṣe ọmọ Ìjọ Áńgílíkà, ṣùgbọ́n olùbẹ̀rù Ọlọ́run ni. Ní ọdún 1773 a fi í jẹ oyè tí ó ní ilé ẹ̀wọ̀n àgbègbè Bedford ní ìkáwọ́. Kò rán ìránṣẹ́; òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ wò ó, nítorí ìròyìn kò tó àfojúbà. Ó rí i pé onítúbú kò ní owó oṣù, owó tí ó bá gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń jẹ. Bí ilé ẹjọ́ tilẹ̀ dá ènìyàn láre, a ó tún dá a padà sínú àhámọ́ títí yóò fi rí owó onítúbú san. Howard gun ẹṣin láti ìlú dé ìlú, ó ń wọn yàrá, ó ń ka iye ènìyàn, ó ń bèèrè irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ àti irú omi tí wọ́n ń mu. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tí ibà ilé ẹ̀wọ̀n ń pa pọ̀ ju àwọn tí ìjọba ń so kọ́ lọ. Ní ọdún 1774 ó jẹ́rìí níwájú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, òfin méjì sì jáde lọ́dún náà: èkíní, pé kí a tú ẹni tí a dá láre sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, èkejì, pé kí a máa tọ́jú ìlera àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ní ọdún 1777 ó tẹ ohun tí ó rí jáde ní ìwé. Ní ìlú Kherson, tí ó wà ní ilẹ̀ Ukraine lónìí, ni ó kú sí ní ọdún 1790, lẹ́nu ìrìn àjò irú iṣẹ́ kan náà.

Ẹnì kejì ni Elizabeth Fry, ọmọ ìdílé Gurney ti ìlú Norwich, ọ̀kan nínú àwọn onígbàgbọ́ tí a ń pè ní Quaker. Ní ọdún 1813 ó wọ inú ilé ẹ̀wọ̀n Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a kó àwọn obìnrin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 pọ̀ mọ́ra pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Lórí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń sùn. Ẹni tí a ti dá lẹ́bi àti ẹni tí a kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn wọ́dà pàápàá ń bẹ̀rù láti wọ àárín wọn. Nígbà tí Fry padà lọ síbẹ̀ ní ìgbà Kérésìmesì ọdún 1816, kò fi ìbáwí bẹ̀rẹ̀. Ó bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ wọn, ó sì bi wọ́n bóyá wọn yóò fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ fún wọn. Ẹlẹ́wọ̀n kan láàárín wọn ni wọ́n yàn ṣe olùkọ́. Ní ọdún 1817 òun àti àwọn obìnrin mìíràn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ìlànà kalẹ̀, wọ́n ka ìlànà kọ̀ọ̀kan sí etí àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àwọn náà sì na ọwọ́ láti fi hàn pé wọ́n gbà á. Fry kà Bíbélì fún wọn, ó sì wá iṣẹ́ ìránṣọ fún wọn. Ṣùgbọ́n kò mọ síbẹ̀. Ní ọdún 1818 ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin, ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nínú òfin ọdún 1823, a pa á láṣẹ pé obìnrin ni kí ó máa ṣọ́ obìnrin ní ilé ẹ̀wọ̀n.

Níhìn-ín ni ìtàn náà ti yà wá sí ọ̀nà ilé. Hannah, àbúrò Elizabeth Fry, ni aya Thomas Fowell Buxton, ọmọ Ìjọ Áńgílíkà. Buxton bá àwọn ará aya rẹ̀ wọ inú túbú, ó sì tẹ ìwé jáde ní ọdún 1818, nínú èyí tí ó bi ìlú léèrè bóyá ilé ẹ̀wọ̀n bí ó ti wà nígbà náà ń dín ẹ̀ṣẹ̀ kù, tàbí ó ń mú un pọ̀ sí i. Lọ́dún náà ni ó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1821 ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lòdì sí òfin tí ń pa ènìyàn fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tó ikú. William Wilberforce, tí ó ti di arúgbó, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì ó kọ ìwé sí Buxton pé kí ó wá gba iṣẹ́ ìdásílẹ̀ ẹrú lọ́wọ́ òun. Nítorí pé ó gbèjà ẹlẹ́wọ̀n ni a ṣe rí i pé ó lè gbèjà ẹrú. Ẹ kíyèsí ọdún náà, ẹ̀yin ará: ní ọdún 1821 yìí kan náà ni a kó Àjàyí ní Òṣogùn. Ọmọ náà kò mọ Buxton, Buxton kò sì mọ̀ ọ́n.

Òfin ìdásílẹ̀ jáde ní ọdún 1833, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1834. Lẹ́yìn èyí Buxton kọ ìwé pé òwò ẹrú kò ní tán àfi bí a bá mú Bíbélì àti iṣẹ́ àgbẹ̀ dé ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó bí ìrìn àjò ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta sí odò Ọya ní ọdún 1841. Crowther wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú J. F. Schön fún Ẹgbẹ́ C.M.S. Níbẹ̀ ni a ti rí ohun tí ọmọ Yorùbá yìí lè ṣe. A fi í joyè àlùfáà ní ọdún 1843. Ní àkókò náà àwọn Sàró ti ń padà sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a rán olùkọ́ sí wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1845 Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní oṣù kejì Buxton sùn nínú Olúwa. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà Elizabeth Fry tẹ̀lé e.

A kò sọ èyí láti sọ ènìyàn di áńgẹ́lì. Òfin ọdún 1833 san ogún mílíọ̀nù pọ́ùn fún àwọn olówó ẹrú, kò sì san kọ́bọ̀ fún ẹrú. Ibà pa Òyìnbó tí ó lé ní 40 nínú ìrìn àjò odò Ọya. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní alátùn-únṣe gbà pé bí a bá dá ẹlẹ́wọ̀n nìkan mọ́ yàrá, yóò ronú pìwà dà. Ní ọdún 1842 a ṣí ilé ẹ̀wọ̀n Pentonville lórí ìlànà yìí, ó sì ba ọpọlọ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Elizabeth Fry, tí ó ti bá ẹlẹ́wọ̀n jókòó, lòdì sí irú àdámọ́ bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ rere tí kò gbọ́ ohùn ẹni tí ìyà ń jẹ lè di ìyà mìíràn.

Àwọn kan nínú wa a máa wí pé, “Iṣẹ́ Ìjọ ni àdúrà, ọ̀ràn òfin, ìjọba ni ó kàn.” Kí a rántí Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní Fílípì. Òru ni wọ́n kọrin nínú túbú, èyí ni a máa ń wàásù lé lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àwọn onídàájọ́ ránṣẹ́ pé kí a tú wọn sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, Pọ́ọ̀lù kọ̀. Ó ní a lù wọ́n ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, kí àwọn tí ó ṣe é wá fúnra wọn. Ẹni tí ó kọrin ní òru náà ni ó bèèrè òfin ní òwúrọ̀. Ìgbàgbọ́ kan náà ni.

Nísinsin yìí, kí a wo ilé ara wa. Ní ọdún 1872 ni a ṣí ilé ẹ̀wọ̀n Broad Street ní Èkó fún 300 ènìyàn. A ti wó o. Ní ọdún 2010 ọgbà ìgbafẹ́ ni a ṣí sí ojú ilẹ̀ náà. Odi ibẹ̀ wó, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò wó. Nínú àwọn tí ó wà ní àhámọ́ ní Nàìjíríà, ó lé ní ìdajì tí a kò tíì dá lẹ́jọ́. Àgbà ní, “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.” Kí ni a ó ti wá pe ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rárá, tí ó sì ti ilẹ̀kùn? Òfin kò ṣàìsí. Òfin ọdún 2015 wà fún kí ẹjọ́ ọ̀daràn lè yára. Òfin ọdún 2019 sọ ilé ẹ̀wọ̀n di ilé àtúnṣe ìwà, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún kí a fi iṣẹ́ ìlú rọ́pò àhámọ́. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ ní agbára láti tú ẹni tí a tì mọ́lé láìdá lẹ́jọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò lọ wò, tí yóò kà, tí yóò kọ, tí yóò sì wí.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ ń ru búrẹ́dì àti ọṣẹ lọ sí ilé ẹ̀wọ̀n ní ìgbà ọdún; Olúwa kò ní í gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún lọ, ẹ bèèrè orúkọ. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí a mú un, àti ọjọ́ tí ó dé ilé ẹjọ́ gbẹ̀yìn. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí Howard ti kọ ọ́. Ẹ̀yin lọ́yà inú ìjọ, ọ̀kan ṣoṣo nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún, láìgba owó, jẹ́ ìdámẹ́wàá tí ó dára. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé àti ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ni a fún ní béèlì tí kò rí onídùúró. Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ̀yin ni ẹ ń bá àwọn aṣòfin jókòó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àga àti kábíyèsí gba gbogbo àkókò ìjókòó náà.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn, bí Mátíù ti kọ ọ́, Ọba kò ní bèèrè iye agogo tí a rà. Yóò wí pé òun wà nínú túbú. Ẹni tí Òfin Rẹ̀ wọ́ ẹ̀wọ̀n kúrò ní ọrùn Àjàyí, kí Òun fúnra Rẹ̀ fún ìjọ yìí ní ojú tí ń rí àti ẹnu tí kì í dákẹ́, ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀. Àmín.