Bí Owó Ìtọ́jú Akàndá Ẹ̀dá Ṣe Dé Inú Ilé ní Beltsville

Beltsville kò ní méyọ̀, kò sì ní ìgbìmọ̀ ìlú. Àdúgbò ńlá kan ni ní àríwá Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland, lójú títì Route 1 tó so Washington pọ̀ mọ́ Baltimore. Kò sí àpò ìlú kankan níbẹ̀ tí wọ́n lè yọwó nínú rẹ̀ tọ́jú akàndá ẹ̀dá. Ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ló ń dá owó náà jọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kántì ló sì ń yẹ ẹni tó nílò rẹ̀ wò. Ó pẹ́ púpọ̀ kí owó yìí tó wọ inú ilé ẹnikẹ́ni.

Ọgbà ńláńlá tí wọ́n ń kó akàndá ẹ̀dá pamọ́ sí ni ìjọba kọ́kọ́ ń náwó lé lórí. Maryland dá Rosewood sílẹ̀ ní Owings Mills lọ́dún 1888, kò sì pa á dé títí di 2009. Ìjọba Washington náà kọ́ Forest Haven sí ìtòsí Laurel, lókè Beltsville, ní 1925. Oko ni àwọn tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ ń ro, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, èrò pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ, ìyà sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí gbé ọ̀ràn náà lọ sílé ẹjọ́ ní 1976; ó di 1991 kí wọ́n tó ti ọgbà náà pa. Èyí tó sún mọ́ Beltsville jù ni Great Oaks ní Cherry Hill Road, tí Maryland ṣí ní 1970, tó sì pa dé láàárín àwọn ọdún 1990. Riderwood ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí, níbi tí àwọn àgbàlagbà tó rówó ń fowó ara wọn gbé.

Òfin tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní July 30, 1965 ló bí Medicare àti Medicaid. Medicaid, tó wà fún aláìní, gbà láti sanwó ilé ìtọ́jú arúgbó láìjanpata, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ jókòó sílé rẹ̀ kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ọ̀ràn di èyí tí ìpínlẹ̀ lè ṣe tàbí kó má ṣe. Medicare, tí wọ́n nà dé ọ̀dọ̀ akàndá ẹ̀dá tí kò tíì pé ọdún 65 nípasẹ̀ òfin 1972, ní ìwà tirẹ̀. Ó ń sanwó bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, kẹ̀kẹ́ arọ, àti àga ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irin ìdìmú tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri balùwẹ̀ àti àga tí èèyàn ń jókòó lé wẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, nítorí wọ́n kà wọ́n sí ohun ìrọ̀rùn lásán. Bí aláìlera bá wá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ náà tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, Medicare á sanwó iṣẹ́ abẹ. Ìṣirò owó wo nìyẹn!

Ọmọdébìnrin kan ní Iowa, Katie Beckett, ló jẹ́ kí gbogbo Amẹ́ríkà rí àléébù yìí. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí, ọsibítù nìkan sì ni Medicaid ti lè sanwó rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtọ́jú ilé kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ààrẹ Reagan sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba ní November 1981. Òfin ọdún yẹn kan náà ti yọ̀ǹda fún àwọn ìpínlẹ̀ láti fi owó Medicaid tọ́jú ẹni tí ì bá wà ní ilé ìtọ́jú sínú ilé ara rẹ̀, kí wọ́n sì tún ilé náà ṣe fún un. Ìpínlẹ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi òdiwọ̀n sí iye èèyàn tó máa gbà, ibẹ̀ ni ìwé orúkọ àwọn tó ń dúró de àyè ti wá. Ní 1999, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ Olmstead pé títi akàndá ẹ̀dá mọ́ ọgbà láìnídìí jẹ́ ìyàsọ́tọ̀ tó lòdì sófin.

Ní January 2014, Maryland bẹ̀rẹ̀ Community First Choice lábẹ́ òfin ìlera 2010, tí ìjọba àpapọ̀ fi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìpín tirẹ̀ nínú owó náà. Ètò yìí kò gba kí ẹni tó yẹ máa tò dúró. Aláìní tí àìlera rẹ̀ tó ti ẹni tó yẹ kó wà ní ilé ìtọ́jú ló wà fún. Nọ́ọ̀sì kántì á wá sílé, á béèrè bóyá ó lè wẹ̀, wọṣọ, jẹun, lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó sì rìn láìsí olùrànlọ́wọ́. Ìdáhùn wọ̀nyí ni wọ́n fi ń mọ iye wákàtí tí olùtọ́jú á lò. Wọ́n tún lè wá wo ilé fúnra rẹ̀, kí owó lè jáde fún irin ìdìmú, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ á gbà wọlé, tàbí bọ́tìnì àfikọ́rùn tí ẹni tó ṣubú lè tẹ̀ kí wọ́n wá gbé e.

Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú ní Prince George's County, Yorùbá sì wà níbẹ̀ dáadáa. Maryland ń mú kí wọ́n fi fóònù ránṣẹ́ bí wọ́n bá dé àti bí wọ́n bá ń lọ. Níbi tí fóònù ilé kò bá sí, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yọ nọ́ńbà wà nílé aláìlera, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á fi ránṣẹ́ láti fi hàn pé wọ́n wà níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní December 2016 wá sọ irú àyẹ̀wò yìí di dandan fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ìlànà Medicaid lórí ìtọ́jú ara tún fi ààlà sáàárín ẹbí: ọmọ tó ti dàgbà lè gbowó fún wíwẹ̀ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ kò lè gbà á fún wíwẹ̀ ìyàwó rẹ̀, nítorí òfin kà á sí ojúṣe rẹ̀ tẹ́lẹ̀.