Ṣé alárìnjó lo fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì?

Ẹni tó kọ Law sí fọ́ọ̀mù JAMB, tí wọ́n wá fún un ní Theatre Arts, ẹ lọ bi í bí ilé wọn ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n ṣòfò. Ìyá á káwọ́ lérí. Dádì ò ní sọ̀rọ̀. Àǹtí kan tí ò tiẹ̀ san kọ́bọ̀ nínú owó iléèwé á wá là á mọ́lẹ̀: "Ṣé o fẹ́ lọ máa ṣe alárìnjó ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn, alárìnjó, ni mo fẹ́ ká jọ tú wò lónìí. Ẹ jókòó o, ó gùn díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá University College sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1948, kò sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣeré lóòótọ́, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn olùkọ́ tó fẹ́ràn ẹ̀ ló ń ṣe é, lẹ́yìn kíláàsì. Wọ́n kọ́ Arts Theatre ní 1955. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe The Lion and the Jewel àti The Swamp Dwellers ní 1959. Ṣóyínká ò tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà yẹn!

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún ò fẹ́ kí eré mọ sínú ọgbà ṣá. Ní nǹkan bí 1961, wọ́n mú eré kan tí Molière, ará Faransé, kọ, wọ́n sọ ọ́ di ti Nàìjíríà, wọ́n sọ ọ̀gbẹ́ni inú ẹ̀ ní Suberu, wọ́n sì ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Dàpọ̀ Adélugbà wà lára wọn, òun tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n tíátà ní UI. Ẹ wò ó, kí wọ́n tó dá iléèwé eré sílẹ̀ rárá, àwọn ọmọ yunifásítì ti ń rìn, wọ́n ti ń jó.

Sáà ẹ̀kọ́ 1962 sí 1963 ni School of Drama bẹ̀rẹ̀. Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà ló fowó kín in lẹ́yìn, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Geoffrey Axworthy ló sì kọ́kọ́ darí ẹ̀. Dípúlómà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà jáde.

Ẹ̀yin ará, ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí la dé báyìí.

Ta ni iléèwé tuntun yìí gbà wọlé pé kó wá bá wọn gbé? Kọ́lá Ògúnmọ́lá! Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Kò gboyè yunifásítì kankan. Láti òpin àwọn ọdún 1940 ló ti ní ẹgbẹ́ eré tiẹ̀, tó ń kó wọn kiri ilẹ̀ Yorùbá, tó jẹ́ pé gbọ̀ngàn tí wọ́n bá rí nílùú ni wọ́n ń lò. Ẹni tí àǹtí yẹn ń bú gan-an nìyẹn. Ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́fà ní School of Drama, òun àti ètò ìtàgé, òun àti iná, òun àtàwọn olùkọ́ tó ti kàwé délé òyìnbó.

Ohun tó tibẹ̀ jáde ni Láńkẹ́ Ọ̀mùtí, ní Arts Theatre, 1963. Inú ìwé Amos Tutùọlá ni wọ́n ti mú un, Tutùọlá tí òun náà ò dé yunifásítì. Ẹ mọ ìtàn ẹ̀: ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ẹmu ju ẹ̀mí ẹ̀ lọ, adẹ́mu ẹ̀ já látorí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀gbẹ́ni bá gbéra, ó ń wá a lọ sílùú àwọn òkú. Demas Nwoko, ọmọ Ìdùmùjẹ̀-Ugbókò tó ń kọ́ni níbẹ̀, ló ṣe iṣẹ́ ọnà ìtàgé náà. Yorùbá ni wọ́n fi ṣeré náà, orin ló pọ̀ nínú ẹ̀, nínú yunifásítì tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ní 1968, UI tẹ ọ̀rọ̀ eré náà jáde ní ìwé. Ní 1969, ó dé Algiers, níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfíríkà.

Gbogbo èèyàn máa ń sọ pé iléèwé yẹn ló tún Ògúnmọ́lá ṣe. Lójú tèmi, iléèwé ló jèrè jù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1964, tí Shakespeare pé 400 ọdún tí wọ́n bí i, wọ́n fi ọkọ̀ ńlá ṣe ìtàgé, wọ́n gbé Shakespeare kiri Nàìjíríà. Lórí ọkọ̀ o! Kí la tún ń pè ní alárìnjó?

Ní 1967, wọ́n fi Ṣóyínká ṣe olórí. Kò tíì jókòó dáadáa tí ìjọba fi kó o ní August, nígbà ogun Biafra, kò sì jáde títí di October 1969. Joel Adédèjì ńkọ́? Ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí lẹ́yìn gbogbo ariwo Ṣóyínká, torí ní 1969 kan náà, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn. Kí ló kọ ìwé lé lórí? Alárìnjó! Ó tọpa ẹ̀ lọ sẹ́yìn, láti orí eégún apidán títí dé ààfin Ọ̀yọ́-Ilé, ó fi hàn pé tíátà wa ti ní ilé, ó ti ní ìran, kí òyìnbó tó dé. Èébú àǹtí wa ló fi di dókítà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1970, School of Drama di Department of Theatre Arts, kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ sunkún nínú ilé lónìí.

Arts Theatre ṣì wà níbẹ̀ o. Ẹ gba géètì tó kọjú sí Agbowó wọlé, kẹ́ ẹ béèrè. Tí bàbá tàbí ìyá yín bá wo Láńkẹ́ Ọ̀mùtí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wò ó àti ẹni tó mú wọn lọ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Gbogbo ẹ̀ ni mo máa kà.