₦80,000 tí àǹtí mi san kí Google lè rí ìsọ̀ ẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, thread yìí máa gùn díẹ̀. Ìtàn ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó ló bí i.

Àǹtí mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Lọ́dún tó kọjá, bọ̀dá kan ṣe ìkànnì fún un, ó sì gba ₦80,000 pé òun máa "ṣe SEO" sí i. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá ti tẹ àdìrẹ sórí Google, ìsọ̀ àǹtí mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Oṣù mẹ́fà kọjá, ẹnì kan ò pè. Àǹtí mi wá ní, "Ìwọ tó ò ń fi gbogbo òru tẹ fóònù, wá bá mi wò ó."

Mo ṣí ìkànnì náà, mo yí i lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Funfun lásán ni mo rí. Mo fi ìka tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ni ọ̀rọ̀ bá ń yọ: àdìrẹ Abẹ́òkúta, àdìrẹ tó dáa jù, àdìrẹ olówó pọ́ọ́kú, àdìrẹ, àdìrẹ, àdìrẹ. Lẹ́tà funfun lórí ojú ìwé funfun!

Mo rẹ́rìn-ín títí, ìgbà tó yá inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ọgbọ́n tó ti kú ní ohun tó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n tà fún àǹtí mi ní owó tuntun. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe gbé ayé kó tó kú.

Ọdún 1990. Ọmọ Barbados kan, Alan Emtage, wà ní Yunifásítì McGill ní Montreal, Kánádà. Ó kọ ètò kan tó pè ní Archie, tó ń kó orúkọ fáìlì jọ láti orí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà, kéèyàn lè mọ ibi tí fáìlì wà. Ẹ̀rọ ìwárí àkọ́kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Kò gba ìwé àṣẹ àdáni lé e lórí, owó ńlá tó wá ti inú iṣẹ́ yìí jáde kò sì kàn án. (Ó dùn mí fún un, kí n má purọ́.)

Ní 1994, Jerry Yang àti David Filo, akẹ́kọ̀ọ́ ní Stanford, to àwọn ìkànnì tí wọ́n fẹ́ràn jọ. Ìwé àkójọ yẹn ló di Yahoo. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń tò ó nígbà yẹn, ẹ̀ka sí ẹ̀ka, A ṣáájú B. Ẹ ti mọ ohun tó kàn, àbí? Àwọn oníṣòwò ti ń ṣe é nínú ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù tipẹ́: wọ́n á sọ ilé-iṣẹ́ wọn ní AAA, wọ́n á sọ ọ́ ní A1, kí wọ́n lè wà lókè. Ká ní àǹtí mi ń tajà nígbà yẹn ni, "Ààà Àdìrẹ" ni ìsọ̀ ẹ̀ ì bá máa jẹ́.

AltaVista dé ní December 1995. Ẹ̀rọ ló ń ka ojú ìwé báyìí, kì í ṣe èèyàn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń wo iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ fara hàn àti ibi tó ti fara hàn. Ló bá di pé wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ kan ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, wọ́n á wá kùn ún ní àwọ̀ tí ojú ò ní rí. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n bọ̀dá wa ti wá.

Ẹ rí i, ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá ń kà, ayédèrú ẹ̀ máa dé ọjà.

Larry Page àti Sergey Brin náà wà ní Stanford nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní BackRub ní 1996. Ó di ilé-iṣẹ́ Google ní 1998. Èrò wọn ò ṣàjèjì sí ọmọ ọjà rárá. Tẹ́ ẹ bá dé Ìtòkú, tẹ́ ẹ ń wá aláró tó mọṣẹ́, ẹ ò ní tẹ̀ lé ẹni tó ń pariwo orúkọ ara ẹ̀. Ẹ máa béèrè. Tí ẹni mẹ́wàá bá nawọ́ sí ìsọ̀ kan náà, ẹ máa lọ síbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ìyálọ́jà ló nawọ́, ìyẹn tún wúwo ju ti ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Líǹkì láti ìkànnì kan sí òmíràn ni nínawọ́ yẹn. PageRank ni wọ́n pe ìṣirò náà, láti ara orúkọ Page fúnra ẹ̀.

Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ táwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta líǹkì bí ẹni ta ọsàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí nìyí. Ní November 2003, Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, Google yí ìṣirò wọn padà. Florida ni wọ́n sọ ìyípadà yẹn. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké tó ń retí owó ọdún jí, wọn ò rí ara wọn mọ́. Ẹlẹ́tàn wà nínú wọn. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan náà wà nínú wọn. Ọjà tí wọ́n ti kó sílẹ̀ ńkọ́?

Ẹ wá fi wé BMW. Ní February 2006, Google yọ ìkànnì wọn ti Jámánì kúrò, torí wọ́n ń fi ojú ìwé tó kún fún "ọkọ̀ àlòkù" han ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń fi òmíràn han èèyàn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti dá wọn padà. Ní 2011, New York Times tú àṣírí pé wọ́n ti ra líǹkì rẹpẹtẹ fún JCPenney, ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà, tó fi ń ṣe ipò kìíní lórí "aṣọ obìnrin" lásìkò ọdún. Google já wọn sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ò mọ̀ sí i, wọ́n sì lé àwọn tó ń bá wọn ṣe SEO. JCPenney ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n lè fara dà á. Tí wọ́n bá fìyà jẹ àǹtí mi nítorí lẹ́tà funfun tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ta ló fẹ́ pè?

Google fúnra wọn ti sọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí ipò kìíní fún yín. Ẹ lè sanwó ìpolówó, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpolówó ni. Ipò tó kù kì í ṣe títà.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo pa gbogbo pàǹtírí yẹn rẹ́. Mo kọ ohun tí àǹtí mi ń tà gan-an: oníko, alábẹ́rẹ́, ẹlẹ́kọ, pẹ̀lú iye owó wọn. Mo kọ "àdìrẹ", mo tún kọ "adire", torí ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ tó bá ń fi fóònù wá nǹkan? (Èmi tí mò ń kọ thread yìí gan-an kì í ṣe é.) Mo sọ orúkọ àwòrán kọ̀ọ̀kan, mo dín wọn kù kí wọ́n lè tètè ṣí. Mo fi ìsọ̀ náà sórí Google Maps, ọ̀fẹ́ ni, a sì bẹ àwọn oníbàárà tó ti rà á rí pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí.

A ò tíì débi kìíní o. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan pè láti Ìlọrin, ó ń wá ẹlẹ́kọ fún ìgbéyàwó. Àǹtí mi bi í pé ta ló júwe òun fún un. Ó ní Google ni.

Àǹtí mi gbọ́wọ́ lé ẹnu fóònù, ó yíjú sí mi: "Google tí ẹ ń sọ yìí, ọmọ ta ni níbí?"