Nígbà Tí Ìbọn Bá Kọ̀ Tí Kò Dún

Ìka mẹ́ta péré ló kù lọ́wọ́ òsì bàbá ọdẹ kan tí mo bá pàdé ní Òfosù. Òfosù yìí, ilẹ̀ Ìdànrè ló wà, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Ìbíní, níbi tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fẹ́ parí kí ti Ẹdó tó bẹ̀rẹ̀. Oko kòkó àti igbó ìjọba ló yí i ká. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ ló bàjẹ́ níbẹ̀, òjò dé, mo sáré yà sábẹ́ àtíbàbà kan. Bàbá náà jókòó sórí àpótí, ó gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ ti ògiri, ó sì fi àkísà di ẹnu rẹ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́.

Mo kí i, ó dá mi lóhùn. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn kì í jẹ́ kí èèyàn lè pa ẹnu mọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Ìbọn ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má dá ìbọn lẹ́bi. Mo ki ìbọn lálẹ́, oorun gbé mi lọ, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo tún un kì."

Ẹ̀yin tí ẹ kò dé igbó ọdẹ rí lè máa bi ara yín pé kí ló wá burú nínú ìyẹn. Ìbọn ṣakabùlà kò ní kátíríìjì. Ọdẹ fúnra rẹ̀ ni yóò da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, yóò fi ìháǹhá tàbí àkísà lé e, yóò fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, kó tó kó ọta sí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í hàn síta. Ẹ̀tù ìlọ́po méjì nínú irin tí ìpẹtà ti jẹ, àfi kí irin ya.

Èyí tó kọ̀ tí kò dún náà ní àrùn tirẹ̀. Ẹ̀tù a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, kò dìgbà tí òjò bá pa á. Eérú ẹ̀tù tí wọ́n ti yìn náà ń fa omi, ó ń jẹ irin, ó sì ń dí ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé. Bí òkúta tó ń ṣáná bá sì ti kú lẹ́nu, ọdẹ lè fa ìbọn títí, iná kò ní mú. Èyí tó burú jù ni kí iná wọlé díẹ̀, kó máa rá pálá nínú ẹ̀tù tó tutù. Ọdẹ á rò pé ìbọn ti kú, á gbé ojú lé ẹnu rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú tó ti ibẹ̀ fọ́ kò kéré. Bàbá yìí ní bí tòun bá kọ̀, òun kì í yí ẹnu rẹ̀ kúrò lápá igbó títí òun yóò fi jẹ odidi obì kan tán.

Mo ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, mo ro ó bọ̀, ogun Kírìjì sì wá sí mi lọ́kàn. Irú ìbọn yìí ni Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ kọ́kọ́ gbé kojú ara wọn nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Àwọn Dane, ìyẹn ará Dẹ́ńmáàkì, wà lára àwọn tó ń tà á ní etíkun wa látijọ́, òun ni òyìnbó fi ń pè é ní Dane gun. Ṣùgbọ́n Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti rọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Ogun ti wọ̀ ọ́ lára kí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó tó ra ìbọn irú mìíràn ránṣẹ́ sílé. Snider wà lára wọn. Ìdí ni wọ́n ti ń ki ìyẹn. Ẹ̀tù, ọta àti ohun tó ń ṣáná, inú kátíríìjì kan náà ni gbogbo wọn wà. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n gbà kó wọn wọlé, ọ̀nà tí Glover, aláṣẹ Èkó, ti ń ṣètò rẹ̀ kó tó kúrò ní Èkó ní 1872, torí pé Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ń ti ọ̀nà tiwọn pa nígbà tó bá wù wọ́n. Ṣakabùlà kò ṣeé fọkàn tán fún ẹni tó bá ju 100 yáàdì lọ. Snider ń pa ẹni tó dúró ní ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, ẹni tó ń yìn ín sì lè yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹlòmíràn tó fa ọ̀pá yọ lẹ́nu ṣakabùlà. Ìbàdàn tó ti ń kó ìlú bí ẹni kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lè rìn síwájú mọ́. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àgọ́ kò tú títí di 1893.

Gbogbo wa la máa ń yin ìbọn tuntun yìí nínú ìtàn Kírìjì, mi ò sì lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe kátíríìjì rẹ̀? Òyìnbó ni. Bí ẹ̀tù ṣakabùlà bá tutù, ẹni tó ni ín á sá a sóòrùn. Bí ọta bá tán, alágbẹ̀dẹ àdúgbò á gé irin fún un. Bí kátíríìjì bá tán tí ọ̀nà Oǹdó sì dí, igi lásán ló kù lọ́wọ́ akọni. Àwọn tó ṣe é pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà rẹ̀. Ní Abu Klea ní ilẹ̀ Sudan, ní January 17, 1885, kátíríìjì há sínú ìbọn Martini-Henry àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì lójú ìjà, torí pé idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ká ni wọ́n fi ṣe é. Tó bá ti gbóná, ìdí rẹ̀ á já, ara rẹ̀ á kù sínú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń fi odindi idẹ ṣe é.

Ọba kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó rí ewu yìí tó sì wá nǹkan ṣe sí i: Samori Touré, ọba àwọn Mandinka, tó bá Faransé jà láti 1882. Àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ ń tú ìbọn Faransé palẹ̀, wọ́n ń rọ irú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣa kátíríìjì tí wọ́n ti yìn, wọ́n ń tún un kì lọ́wọ́. Ẹ wo ọgbọ́n! Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Faransé fi lé e kí wọ́n tó mú un ní September 1898. Kò sí irú ilé agbẹ̀dẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Èkìtì Parapọ̀, owó àwọn ọmọ wọn ní Èkó ni wọ́n gbójú lé.

Òyìnbó kò sì jẹ́ kó pẹ́ rárá. Ní 1890 wọ́n ṣèpàdé ní Brussels, wọ́n sì fòfin de títa ìbọn alágbára fáwa dúdú. Ìbọn olókúta àtijọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Òfin ìbọn ti 1959 ní Nàìjíríà náà ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ sí ìsọ̀rí tirẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá rí ọdẹ pẹ̀lú ṣakabùlà tó ń fi í rẹ́rìn-ín pé ojú rẹ̀ ò là, kí ó rọra.

Mo bi bàbá náà léèrè pé kí ló dé tí kò ra ìbọn oníkátíríìjì. Ó rẹ́rìn-ín. "Bí kátíríìjì bá tán láàárín igbó, ṣé kí n fi gúnyán?"

Ó wá fa ọ̀pá ìbọn rẹ̀ yọ hàn mí. Ó ti fi ọ̀bẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọ̀pá bá wọlé dé ìlà kan, ìbọn ṣófo. Bí kò bá kọjá èkejì, ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ìka òun lọ ni òun kọ ìlà náà. Òjò ti dá. Dẹ́rẹ́bà ń fọn fèrè.