Ẹnì Kan, Àtẹ Méjì

Lójú wa, oníbàárà báńkì kan ò ju ẹnì kan lọ: ó ní orúkọ, ó ní àdírẹ́ẹ̀sì, ó ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n nínú dátábéèsì, orúkọ rẹ̀ lè wà lórí àtẹ kan, kí àdírẹ́ẹ̀sì àti fọ́tò rẹ̀ sì wà lórí òmíràn. Báwo lẹnì kan ṣe di méjì? Ta ló sì ń so ó pọ̀ padà? Ẹ jẹ́ ká tọpa ìtàn náà.

Ìlú Oslo ní Nọ́wè ni apá kan ti ṣẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ti ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan, Simula 67. Wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ṣàfarawé bí nǹkan ṣe ń lọ láyé, nítorí náà wọ́n gbé kíláàsì kalẹ̀. Kíláàsì dà bíi bátànì tí télọ̀ fi ń gé aṣọ: bátànì kan, aṣọ púpọ̀. Ohun tí a bá fi kíláàsì dá máa ń wà lódindi, gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ wà lára rẹ̀.

Apá kejì wá láti San Jose, ní California. Ní 1970, Edgar Codd, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM, dábàá pé kí a to dátà sórí àtẹ, ní ìlà àti òpó. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni òfin kan ti jáde: má ṣe kọ ohun kan náà síbi méjì. Òfin yìí ní ìdí. Bí àdírẹ́ẹ̀sì yín bá wà níbi mẹ́ta, tí ẹ kó lọ sílé tuntun, tí wọ́n wá tún méjì péré ṣe, èwo ni ká gbàgbọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, èrò méjèèjì ti gbilẹ̀, àmọ́ wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Ọ̀kan fẹ́ odindi, èkejì ń pín nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tó ń kọ kóòdù ló ń fọwọ́ ara wọn so wọ́n pọ̀, ìlà kóòdù lórí ìlà kóòdù, ó sì sú wọn. Ìyẹn ló bí ògbufọ̀ tí wọ́n ń pè ní object-relational mapper. Ní Ottawa, ilé-iṣẹ́ The Object People ṣe TopLink. Ní 2001, Gavin King bẹ̀rẹ̀ Hibernate fún èdè Java. Ní 2006, àdéhùn àjùmọ̀lò kan jáde fún Java, JPA, ó sì fún wa ní ọ̀rọ̀ kan tó ṣe tààrà: @SecondaryTable, ìyẹn àtẹ kejì.

Kí ló dé tí a ó fi pín kíláàsì kan sórí àtẹ méjì? Nígbà míì, nítorí ìwúwo ni: fọ́tò tóbi, orúkọ nìkan la sì ń wá. Nígbà míì, nítorí àṣírí ni: owó oṣù gbọ́dọ̀ wà níbi tó ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ ìgbà, ogún ni. Àwọn àtẹ ti wà tipẹ́, àwọn ètò mìíràn ṣì ń jẹ lára wọn, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tú wọn ká.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Nọ́ńbà kan náà, ẹ jẹ́ ká ní 4071, ló wà lórí àtẹ méjèèjì. Bí a bá pe oníbàárà 4071, ògbufọ̀ á kó ìlà méjèèjì jọ, á fi wọ́n ṣe ẹnì kan. Bí a bá fi ẹni tuntun pamọ́, á kọ ìlà méjì. Ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ wọlé pọ̀, tàbí kí ìkankan má wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ààbọ̀ èèyàn la fi pamọ́ yẹn.

Ibì kan wà tó yẹ ká tẹjú mọ́. Ẹni tí kò tíì ní fọ́tò ńkọ́, tí kò ní ìlà kankan lórí àtẹ kejì? Ọ̀nà méjì ló wà láti so àtẹ pọ̀. Ọ̀kan á mú ẹni náà wá, á fi àyè fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Èkejì kì í mú ẹnikẹ́ni wá àfi ẹni tó wà lórí méjèèjì. Lójú ọ̀nà kejì yìí, ẹni náà ò sí rárá. Orúkọ rẹ̀ wà, owó rẹ̀ wà, àmọ́ bí wọ́n bá to orúkọ jáde, wọn ò ní rí i. Hibernate jẹ́ kí a yàn nínú méjèèjì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré kan: optional. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè pinnu ẹni tí a kà mọ́ wa!

Ní 2006 kan náà, Ted Neward fi gbogbo ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ yìí wé ogun Vietnam: ó rọrùn láti wọ̀, ó ṣòro láti jáde. Síbẹ̀, a ò lè ní kí Codd tàbí àwọn ará Oslo jẹ̀bi. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àtẹ ń ṣọ́ òtítọ́ kó má baà di méjì. Kíláàsì ń rán wa létí pé odindi èèyàn là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń kọ kóòdù ni láti rí i pé, níbi tí wọ́n ti ń so àtẹ pọ̀, kò sẹ́ni tó jábọ́ sáàárín.