Ẹ̀gẹ́: bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, àti ìdí tí kò fi yẹ kí á jẹ ẹ́ ní òun nìkan

Ilé mélòó ni ó wà ní Bantè tàbí ní Savalou tí gàrí kò sí níbẹ̀? Wọ́n mọ gàrí Savalou títí dé Kutọnu. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn baba ńlá wa àtijọ́ kò mọ ẹ̀gẹ́ rárá? Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn rẹ̀, nítorí pé ó kan ìlera àwọn ọmọ wa.

Ibi tí ẹ̀gẹ́ ti wá

Ní ilẹ̀ Bràsíìlì àti agbègbè rẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Àwọn Potogí ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Áfíríkà láàrin ọdún 1500 sí 1600. Kò tètè tàn kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Láàrin 1800 sí 1900, àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú gba òmìnira, wọ́n sì padà bọ̀ láti Bràsíìlì sí Ouidah, sí Àjàṣẹ́ àti sí Èkó. Àwọn ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn bí a ti ń ṣe gàrí.

Ẹ̀kọ́ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, pàápàá èyí tí ó korò.

Iṣẹ́ tí ń mú oró kúrò

Ẹ̀yin ìyá wa mọ iṣẹ́ náà. Ẹ ó bó ẹ̀gẹ́, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó rin ín, ẹ ó dì í sínú àpò, ẹ ó sì gbé òkúta lé e. Yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó lè kan, kí omi rẹ̀ sì ro jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ ó jọ̀ ọ́, ẹ ó sì yan án. Oró náà ń bá omi lọ, iná sì ń lé púpọ̀ nínú èyí tí ó kù. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi wà nínú àpò kì í ṣe àkókò tí ó ṣòfò. Ààbò wa ni.

Ohun tí wọ́n rí ní Ẹ̀pẹ́

Ní Nàìjíríà, dókítà kan wà tí ó ń jẹ́ Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun. Ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì ni. Wọ́n bí i ní 1935, ó sì kú ní 1995. Ìbàdàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Láàrin 1960 sí 1970, ó rí àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn ti kú, tí wọn kì í mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀. Ojú àwọn mìíràn ń ṣú, etí àwọn mìíràn ń di. Ó wádìí oúnjẹ wọn títí dé agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ó rí i pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ jù lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn dókítà kan jiyàn bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó fa àrùn náà. Ṣùgbọ́n àrùn mìíràn wà tí ó ń mú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Ẹsẹ̀ tí a dè

Ní 1938, dókítà Giovanni Trolli kọ̀wé nípa àrùn kan ní Kóńgò. Konzo ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, ìyẹn ni ẹsẹ̀ tí a dè. Ara ọmọ lè le lánàá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì gan lónìí. Àrùn náà kì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í lọ mọ́.

Ní 1981, ọ̀dá mú agbègbè Nampula ní Mòsáńbíìkì. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni ó kù tí wọ́n ń rí jẹ. Ebi kò jẹ́ kí wọ́n dúró kí ó gbẹ dáadáa. Wọn kò sì rí ẹja tàbí ẹ̀wà tó láti fi jẹ ẹ́. Ó ju ènìyàn 1,000 lọ tí wọ́n rọ lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọdé àti àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ara wa lè sọ oró náà di ohun tí a ó tọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí ara fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, inú ẹja, ẹyin, ẹran, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni ó ti ń rí i. Ẹni tí kò rí wọn jẹ, oró náà yóò pẹ́ lára rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀gẹ́ kò bàjẹ́. Ìkánjú àti àìrí nǹkan mìíràn jẹ ni ó ṣe ibi.

Àpò gàrí ọmọ ilé-ìwé

Ẹ wo ọmọ ọdún 13 tàbí 15 tí ó fi abúlé sílẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. A di àpò gàrí fún un, a fi ṣúgà díẹ̀ sí i, a ní ó dàbọ̀. Bí wọ́n bá ṣe gàrí náà dáadáa, oró inú rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n àkókò yìí gan-an ni ara ọmọ ń dàgbà. Ọmọbìnrin ti ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń lọ lára rẹ̀. Bí ó bá ń mu gàrí láàárọ̀, tí ó tún ń mu ún lálẹ́, inú rẹ̀ yóò kún, ṣùgbọ́n ebi yóò máa pa ara rẹ̀. Yóò máa rẹ̀ ẹ́, kò ní lè gbọ́ ẹ̀kọ́. A ó máa pè é ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ má ṣe sọ gàrí nù. Ẹ ṣe é pẹ̀lú sùúrù, ẹ má sì jẹ ẹ́ ní òun nìkan. Nígbà tí ẹ bá ń di àpò ọmọ, ẹ fi ẹ̀pà yíyan sí i, ẹ fi ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ sí i. Bí ó bá wà nílé, ẹ fún un ní ẹyin, wàrà àwọn Fúlàní àti ọbẹ̀ ewé. Iyọ̀ tí wọ́n fi ayodíìnì sí ni kí ẹ máa rà, nítorí pé àìní rẹ̀ ń fa gẹ̀gẹ̀, gẹ̀gẹ̀ sì máa ń yọ lára àwọn ọmọbìnrin nígbà tí wọ́n bá ń bàlágà. Ẹ̀pà àti ẹ̀wà ń hù lóko wa. Kí a tó kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́jà, ẹ jẹ́ kí á yọ ti ọmọ sílẹ̀.